Ohun Tí Wọ́n Ní Ará Tibanoca Fẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi, Rosendo, nígbà tí ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó kó etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Òun ló ń hun ruana fún ìdajì Tibanoca, aṣọ onírun àgùntàn tí a kì í bọ́ lọ́rùn níbí nítorí òtútù òkè, bí ẹ̀rọ ìhunṣọ ẹnikẹ́ni bá sì bàjẹ́, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ọwọ́ náà ló fi ń sọ̀rọ̀.

Èmi ni Nelcy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo ń se oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa. Láti kékeré ni mo ti jẹ́ ẹnu fún Rosendo: ní báńkì, ní ọ́fíìsì ìjọba, níwájú àlùfáà, kódà níwájú obìnrin àkọ́kọ́ tó wù ú. Mo máa ń rò pé oore ni mò ń ṣe é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó sú ọkùnrin náà jù láyé ni kí n máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo, kí n máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kó lè dùn létí àwọn èèyàn.

Nígbà tí ìjọba wá dá ètò ògbufọ̀ orí fóònù sílẹ̀, ara tù ú. Ó kàn máa pe Bogotá, olú ìlú wa, lórí fídíò ni, ògbufọ̀ kan á yọjú, á máa wo ọwọ́ Rosendo, á sì máa fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Èsì tí ẹni yẹn bá fọ̀, ògbufọ̀ á fi ọwọ́ sọ ọ́ padà. Iván lorúkọ èyí tó sábà máa ń gbé ìpè rẹ̀. Ọjọ́ tí Rosendo kọ́kọ́ fi ètò náà ra òwú lọ́wọ́ àwọn ará Sogamoso, tí kò sí èmi níbẹ̀, ó wá bá mi nílé ìdáná, ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi."

Mo sì sinmi. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sinmi.

Ilé-iṣẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló dé Tibanoca, Andatel lorúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù, òkè ló dí wọn lọ́nà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Andatel gbé ètò tuntun jáde. Wọ́n ní Wasáàpù di ọ̀fẹ́: ọ̀rọ̀ kíkọ, àwòrán, ohùn tí a bá gbà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ àfi ìpè fídíò, títí oṣù á fi parí. Wọ́n tún ní ilé fíìmù kan wà tí àwọn jọ ṣàdéhùn. Fíìmù wọn ò ní jẹ dátà, ojú ọ̀nà á sì máa ṣí sílẹ̀ fún un nígbàkúùgbà. Gbogbo ìlú dunnú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò dáadáa ni pé ìyókù gbogbo ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ẹni tó ń tò sẹ́yìn. Bí èrò bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn tó ti bá ilé-iṣẹ́ ṣàdéhùn ni wọ́n máa jẹ́ kó kọ́kọ́ kọjá. Ètò ògbufọ̀ àwọn adití kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn.

Ní oṣù kẹta, Rosendo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó dá lọ sí ilé ìwòsàn, ó jókòó síwájú dókítà, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó pe Iván. Iván kí i, ó gbé ọwọ́ sókè láti béèrè ohun tó ń ṣe é, àwòrán sì dúró gbagidi pẹ̀lú ọwọ́ náà lókè. Ó tún un pè, ó tún dúró. Dókítà ń wo aago. Ó na bébà àti bírò sí i, ṣùgbọ́n èdè ọwọ́ ni èdè Rosendo. Èdè Sípéènì orí ìwé dà bí èdè àlejò lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ara kò sì lára ohun tó mọ̀ ọ́n kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: Ẹ wá.

Mo fi ìkòkò ẹ̀wà sílẹ̀ lórí iná ilé-ìwé, mo fi ápírọ́ọ̀nù ọrùn mi lọ. Mo jókòó láàárín àwọn méjèèjì. Dókítà béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ó béèrè obìnrin tó bá sùn kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ mi sọ fún àbúrò mi. Bí ojú bá ń ti ẹni tó ń gbọ́rọ̀, ó lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí etí rẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ. Rosendo kò lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní láti máa wò mí.

Òkúta inú kíndìnrín ni. Wọ́n fún un lóògùn. Bí a ṣe ń darí bọ̀ sílé, ó fi ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá ṣíwájú mi ní gbogbo ọ̀nà, bí adití bá sì ti kẹ́yìn sí èèyàn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ọ́fíìsì Andatel lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ferney ló dá mi lóhùn. Ó ní kò sí ẹni tó fa ohunkóhun sẹ́yìn, pé ìṣètò ojú ọ̀nà lásán ni. Ó ní fídíò wúwo, pé òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Mo ní fíìmù ńkọ́, ṣé fíìmù kì í ṣe fídíò ni?

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní, "fíìmù ti bá wa ṣàdéhùn ni."

Mo bi í pé ta ló yẹ kó bá wọn ṣàdéhùn fún àwọn adití. Ó ní fọ́ọ̀mù kan wà tí mo lè kọ. Mo kọ ọ́. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí fọ́ọ̀mù náà wọlẹ̀ sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn èyí, mo jáde níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, búrẹ́dì almojábana gbígbóná lọ́wọ́ mi, òjò sì ń rọ̀ wínníwínní. Ọmọbìnrin méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé dá mi dúró. Wọ́n ní àwọn ń gba èrò aráàlú, ìbéèrè mẹ́ta péré. Ṣé mo fẹ́ kí Wasáàpù máa jẹ́ ọ̀fẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mo fẹ́ kí àwọn ohun tí àwọn èèyàn ń lò jù máa yára? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó yẹ kí ìjọba dí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti máa ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà? Mo ní rárá o, kí ni ti ìjọba níbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún mi ní ife tíì kan tí wọ́n kọ Andatel sí lára, mo sì gbà á. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ yìí àti ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn jọ jẹ́ ọ̀kan. Búrẹ́dì ló wà lọ́kàn mi.

Ní oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù lórílẹ̀-èdè wa wá sí Tibanoca. Wọ́n fẹ́ pinnu bóyá kí gbogbo ohun tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa rìn bákan náà, tàbí kí wọ́n gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti máa ti àwọn kan síwájú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú ní ìlú kéékèèké. Rosendo ló kọ́kọ́ rí ìwé ìpè náà lára ògiri. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gbogbo ìlú tó yí wa ká, ó wá àwọn adití ibẹ̀ kàn. Mọ́kànlá ni wọ́n, mẹ́fà ló ṣèlérí pé àwọn máa wá. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé kí wọ́n mú ògbufọ̀ dání. Wọ́n fèsì pé ògbufọ̀ máa wà.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún, àwọn adití mẹ́fà náà sì wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ tí wọ́n ní ó máa wà ni fóònù ńlá olójú fífẹ̀ kan tí wọ́n gbé sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n máa fi pe Bogotá. Íńtánẹ́ẹ̀tì Andatel sì ni ti gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí mo rí i, mo ti mọ bó ṣe máa parí. Mo sọ fún akọ̀wé wọn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Amparo Lizcano ni alága. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé níbí, ẹnikẹ́ni tó bá ti Bogotá wá pẹ̀lú fáìlì lábíyá, dókítà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni aṣojú Andatel, Dókítà Belisario Tafur, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Ó ní òun ò wá fi èrò tòun lọ ẹnikẹ́ni, pé èrò àwọn ará Tibanoca fúnra wọn lòun gbé wá. Ó tan àwòrán sára ògiri. Mẹ́sàn-án nínú ẹni mẹ́wàá ní ìlú yìí, ó ní, ló fọwọ́ sí i pé kí àwọn ohun kan máa kọ́kọ́ kọjá. Ó sì kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀.

Mo ka ìbéèrè náà, mo dá wọn mọ̀. Rosendo náà ń kà á. Ó yíjú sí mi, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lórí itan, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ibi tí ẹ ti gba ife yẹn nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo lè purọ́. Mo dáhùn pé, "Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ohun ọ̀fẹ́."

Ó gbójú kúrò lára mi. Nínú ilé wa, ìyẹn ju kéèyàn gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú lọ.

Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó dìde síwájú fóònù ńlá náà. Iván yọjú. Rosendo kí ìgbìmọ̀, Iván bá a kí wọn. Rosendo sọ orúkọ rẹ̀, Iván sọ ọ́. Ibi tó ti fẹ́ sọ gbólóhùn kẹta, Iván dúró gbagidi, ẹnu ṣí sílẹ̀, ojú dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Tafur ní ó lè jẹ́ òjò, ó ní ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa ń nípọn. Alága wá béèrè bóyá ẹbí ọkùnrin náà kan wà nítòsí tó lè ràn án lọ́wọ́. Gbogbo Tibanoca yíjú sí mi.

Mo lọ dúró ti Rosendo. Kò fẹ́ mi níbẹ̀, èmi náà ò fẹ́ wà níbẹ̀. Ó wò mí kòrókòró.

"Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ ṣe sọ ọ́," ó ní. "Ẹ má tún un ṣe."

Ó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi ẹnu mi sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Mo ní, "Èmi ni Rosendo Pulido. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára ẹni mẹ́sàn-án tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí i. Wọ́n fún un ní ife."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dúró, ó ní kí n máa lọ.

"Kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n bi í bóyá ó máa jẹun, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sọ fún un pé inú àwo mi ni wọ́n ti máa bù ú. Andatel ní fídíò wúwo, pé òun ló ń dí ọ̀nà. Ẹ̀yin ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, ohùn yín fúyẹ́, ó ń kọjá. Fídíò ni ohùn tèmi. Ta ló gbé ohùn mi sórí òṣùwọ̀n? Ní oṣù kẹta, mo tọ ẹ̀jẹ̀..."

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ilé ni, ọmọ ìdajì gbọ̀ngàn ló sì ń jẹun láti ilé ìdáná mi. Rosendo fi ọwọ́ kan mí léjìká, ó le díẹ̀, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sì sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀, dókítà, ìbéèrè nípa obìnrin, èmi tí mo jókòó sáàárín. Mo sọ ọ́ ní "èmi", bí ẹni pé èmi ni mo tọ ẹ̀jẹ̀, títí mo fi dé ibi tí ó ti ní, "Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mi ò ní àṣírí kankan lójú ẹ̀gbọ́n mi." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Don Eudoro, aládùúgbò wa, dìde lẹ́yìn wa. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Sípéènì, pé bí kì í bá ṣe Wasáàpù ọ̀fẹ́ yìí, òun ò ní í gbọ́ ohùn wọn láti oṣù dé oṣù. Ó ní kí wọ́n ṣe ti Rosendo fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan tòun. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Rosendo bi mí ohun tó sọ, mo sọ fún un.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Akọ̀wé wá béèrè lọ́wọ́ mi, tìwà pẹ̀lẹ́ tìwà pẹ̀lẹ́, apá ibo ni kí òun kọ orúkọ èmi gan-an sí. Mo ní mo fẹ́ gba ìdáhùn tí mo fún àwọn ọmọbìnrin yẹn padà. Tafur rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ìwádìí náà kò gba orúkọ sílẹ̀ nítorí àti dáàbò bo aráàlú, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi láti yọ ọ́. Mo ní èmi rèé, mo dúró níwájú yín, mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Alága ní wọ́n ti gbọ́ mi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó, mo kórìíra gbólóhùn yẹn. Kò sí ohun tí wọn kì í kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rosendo kò fi wò mí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé àwo ọbẹ̀ ọ̀dùnkún síwájú mi, ó jókòó, ó sì ní ọwọ́ òun yára jù lọ́jọ́ náà, pé mo gbìyànjú. Kò tọrọ àforíjì. Èmi náà ò tọrọ. A jẹun.

Oṣù kẹjọ ni àbájáde ìgbìmọ̀ jáde, ìwé tó lé ní igba ojú ewé. A jọ jókòó, a ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wà ní ojú ewé kẹfà, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère. Ti Rosendo, ó pẹ́ kí a tó rí i. Ìlà kan ni: olùkópa kan tó ní ìpèníjà ara mẹ́nu ba bí àwòrán fídíò kò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ìpinnu wọn ni pé àwọn máa tún gba èrò aráàlú fún ọdún kan sí i. Rosendo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa àga nílẹ̀. Èmi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti Andatel. Tafur fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó ní nítorí pé àwọn fẹ́ràn gbogbo oníbàárà, àwọn ti fi ètò ògbufọ̀ ìjọba kún àwọn tó máa kọ́kọ́ kọjá, pé kò ní jẹ dátà mọ́. Wọ́n tún béèrè bóyá Rosendo lè jẹ́ kí àwọn ya òun àti ruana rẹ̀ ní fọ́tò, kí wọ́n gbé e sójú pátákó ní òpópónà Sogamoso.

Ó kọ fọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ilé ìwòsàn pé ní oṣù kẹsàn-án, òun nìkan ló lọ. Iván dá ṣáká títí wọ́n fi parí. Nígbà tó dé, mo bi í ohun tí dókítà sọ, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti dókítà ni. Inú mi dùn, ó sì ń ṣe mí bíi kí n fi ọmọrogùn gbá a lórí.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Gbogbo ìlú náà rò bẹ́ẹ̀. Don Eudoro dì mọ́ ọn lójú pópó. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Sogamoso tó ń jẹ́ Hermencia, adití bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lórí fídíò. Wọn ò nílò ògbufọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọwọ́ ara wọn. Nítorí náà ètò ọ̀fẹ́ tuntun kò kàn wọ́n. Ṣe ni Hermencia tún ń dúró gbagidi lójú fóònù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń já láàárín ọ̀rọ̀.

"Wọ́n lànà fún mi láti bá àwọn tó ń gbọ́rọ̀ sọ̀rọ̀," Rosendo sọ fún mi. "Wọn ò lànà fún mi láti bá èèyàn mi sọ̀rọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti òun síwájú, pé kí gbogbo ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa rìn bákan náà ni òun ń wí. Ó sú àwọn èèyàn. Wọ́n ń sọ fún mi níbi búrẹ́dì pé, ṣebí wọ́n ti ṣe tiẹ̀ fún un, kí ló tún ń fẹ́? Don Eudoro gan-an ní ojúkòkòrò ti wọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó. Mo ti ṣàlàyé fún òbí àwọn ọmọ tí mò ń fún lóúnjẹ, mo ti ṣàlàyé fún àlùfáà. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn gbọ́, wọ́n á sì béèrè bóyá èyí máa gba Wasáàpù lọ́wọ́ àwọn.

Nísinsìnyí, lẹ́tà tuntun kan wà lórí tábìlì wa, sí ìgbìmọ̀. Rosendo ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní èdè Sípéènì tirẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ sí ibi tó yẹ kí orí wà. Mo ní kí n bá a tò ó, ó ní kí n fi í sílẹ̀, ohùn òun nìyẹn. Mo gbà. Mo kàn fi "Ẹ ṣeun" sí ìsàlẹ̀, nítorí pé bí lẹ́tà ṣe ń parí nìyẹn. Ó pa á rẹ́, ó ní kí ni wọ́n ṣe tí a ń dúpẹ́. Mo tún un kọ. Ó tún un pa rẹ́, bébà sì ti ń lu ní ibi kan náà. Lẹ́tà náà kò tíì kúrò nílé.